Iyọ̀ Tí Mo Gbé Pamọ́ Sínú Àpótí

Ìyá ìyá mi, tí mo ń pè ní Màmá, kórìíra Àkúrẹ́. Kò sí ohun tí Àkúrẹ́ ṣe wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lọ síbẹ̀, tí wọ́n lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé ọmọ wọn ọkùnrin. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n sọ fún gbogbo abúlé pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í mì rárá, pé bí èèyàn bá dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀, àfi bíi pé wọ́n ti sin ín. Ilé tiwa dúró lórí òpó igi láàárín omi, lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà lọ sí Awóyè. Bí ọkọ̀ eléńjìnnì bá sáré kọjá, ilé á mì díẹ̀, àwọn abọ́ á máa kan ara wọn lórí pẹpẹ. Màmá ò lè sùn níbi tí abọ́ kì í ti í kan ara wọn.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì tó máa ń wọkọ̀ wá sí abúlé wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù wé aṣọ rẹ̀ tó ń wú mọ́ Màmá lápá, tó wo ojú ẹ̀rọ, tó tún un wé lẹ́ẹ̀kejì, tó sì wá sọ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ga ju bó ṣe yẹ lọ, kì í ṣe ikú ló kọ́kọ́ bà wọ́n lẹ́rù. Àkúrẹ́ ni. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ wọn ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Àkúrẹ́, pè mí lórí fóònù.

"Oògùn tí nọ́ọ̀sì fún wọn, ṣé wọ́n ń lò ó?"

"Wọ́n ń lò ó, sà."

"Ó dáa. Bí nọ́ọ̀sì bá fi máa padà wá tí ẹ̀jẹ̀ yẹn ò sọ̀ kalẹ̀, èmi fúnra mi ló ń bọ̀ wá kó wọn wá síbí. Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ wọn. Ìwọ lo kàwé."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti parí yunifásítì, mo ti sin ìjọba, mo sì ti wà nílé láti oṣù márùn-ún, tí mò ń retí iṣẹ́. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ẹnì kankan tó nílò ìwé tí mo kà. Inú mi dùn pé wọ́n gbé nǹkan lé mi lọ́wọ́. Bí inú mi ṣe ń dùn ni ojú ń tì mí, torí pé àìsàn Màmá ló bí ìdùnnú náà. Bí ojú ṣe ń tì mí ni ẹ̀rù ń bà mí, nítorí bí wọ́n bá kó Màmá lọ, ta ni mo fẹ́ máa gbé pẹ̀lú? Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Màmá níbi tí wọ́n ti ń ṣa ìdọ̀tí kúrò lára edé. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ṣé o ti jẹun?" ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Mo ti kó ìmọ̀ràn jọ sínú fóònù mi rẹpẹtẹ: bí ara ṣe ń jí pépé, bí ọkàn ṣe ń fúyẹ́, oúnjẹ tó yẹ kéèyàn jẹ àti èyí tó yẹ kó yẹra fún. Ara èmi alára ni mo kọ́kọ́ ń fi dán an wò, torí pé mi ò rí oorun sùn dáadáa láti ìgbà tí mo ti ń wáṣẹ́. Mo fi púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tí gbogbo wa ń jẹ, sílẹ̀, mo ń jẹ ọkà òyìnbó tí wọ́n ń pè ní óòtì, èyí tí mo rà lọ́jà Igbókọ̀dá, pẹ̀lú kùkúmbà. Màmá wo óòtì náà, wọ́n ní àwọn mọ ẹni tó máa ń po irú ẹ̀ láti fi lẹ ìwé mọ́ ògiri.

Bí mo ṣe sọ ara mi di dókítà Màmá nìyẹn. Dókítà Fóònù ni wọ́n ń pè mí.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ni kéèyàn máa fi ẹsẹ̀ rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ní abúlé wa, orí afárá pákó nìkan lèèyàn lè rìn sí. Afárá náà ò gùn, ó sì gba ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé kọjá, nítorí náà a ní láti lọ ká bọ̀ nígbà mẹ́jọ kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé. Nígbà tí a kọjá lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ọ̀rẹ́ Màmá àtọjọ́ pípẹ́, gbé orí sókè nídìí ààrò tó ti ń yan ẹja.

"Ẹ̀yin méjèèjì yìí, kí ló sọnù lọ́wọ́ yín?"

"Ẹ̀jẹ̀ mi ló gun òkè," Màmá dáhùn, wọn ò dúró. "Ọmọ yìí ní ká wá a kiri orí afárá."

"Ẹ wá a dáadáa o! Ẹ wo abẹ́ pákó pẹ̀lú!"

Mo dúró láti ṣàlàyé fún un pé ìrìn máa ń ran ọkàn lọ́wọ́. Ẹja rẹ̀ jóná díẹ̀ nígbà tí mò ń ṣàlàyé. Láti ọjọ́ yẹn, bí ó bá ti rí wa, ńṣe ni yóò kọjú sí ẹja rẹ̀ tí kò ní wo ọ̀dọ̀ wa mọ́.

Ìmọ̀ràn kejì ni kéèyàn máa ka ohun mẹ́ta tó mú inú rẹ̀ dùn kó tó sùn. Mo gbé ìwé sórí itan mi, mo bi Màmá.

"Òbòkún tí mo jẹ lọ́sàn-án," ni wọ́n sọ. "Ó sanra."

"Ó dáa, Màmá. Ìkejì ńkọ́?"

"Rédíò ará iwájú ilé tó máa ń pariwo ti bàjẹ́."

"Màmá!"

"Ṣebí o ní ohun tó dùn mọ́ mi. Ìkẹta, mi ò tíì rí i. Tó o bá ti sùn, màá rí i."

Ìmọ̀ràn iyọ̀ ló le jù. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́: kí Màmá dín iyọ̀ kù gidigidi, kí wọ́n sì fi omi gbígbóná fọ iyọ̀ ara ẹja gbígbẹ kí wọ́n tó fi sè é. Mo rò pé ìjà máa ṣẹlẹ̀. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀: pé mo mọ̀ pé ó ṣòro, pé kì í ṣe pé mo fẹ́ fìyà jẹ wọ́n, pé ìfẹ́ ni. Mi ò tíì kà á dé ìlàjì tí Màmá fi na ike iyọ̀ sí mi.

"Gbà. Gbé e lọ."

Mo gbé ike náà pamọ́ sínú àpótí mi, lábẹ́ aṣọ agùnbánirọ̀. Mi ò lè sọ bí orí mi ṣe wú tó. Mo ronú pé ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tí mo máa ń sọ ló yí wọn lọ́kàn padà. Mo tilẹ̀ ronú pé bí iṣẹ́ ò bá yá, mo lè máa gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn. Lójoojúmọ́ ni Màmá ń se ọbẹ̀ marúgbó wọn, ọbẹ̀ ewé dúdú ti ilẹ̀ wa, láìsí iyọ̀, tí wọ́n ń fi púpurú jẹ ẹ́, tí wọ́n ń lá ìka. Mo ń jókòó tì wọ́n pẹ̀lú abọ́ óòtì mi, mo ń yìn wọ́n.

"Màmá, ẹ ń gbìyànjú gan-an."

"Ọlọ́run ló ń ṣe é," wọ́n á ní, wọ́n á sì tún bu ọbẹ̀ sí i.

Oṣù pé. Nọ́ọ̀sì dé, ó wé aṣọ rẹ̀ mọ́ wọn lápá, aṣọ wú, ó sì tú èémí jáde. Ó wo ojú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ó wojú mi.

"Kò sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe wà náà ló wà. Ṣé wọ́n ń jẹ iyọ̀ ni?"

"Rárá o! Ó wà nínú àpótí mi!" Mo sáré wọlé, mo gbé ike náà jáde, mo fi hàn án bó ṣe kún tó. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìrìn, omi mímu, ohun mẹ́ta tó ń múnú dùn, oorun, àti bí ọkàn mi ṣe rí láti àárọ̀. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní òun á pààrọ̀ oògùn kan, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún ọmọ Màmá bó bá pè. Ó pè. Dádì Àkúrẹ́ ní òun ń bọ̀ ní Sátidé.

Ọjọ́ Tọ́sìdé nìyẹn.  Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn máa fì lókè omi, wọ́n sì ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá. Mo ti máa ń rò pé èmi ni mo ní ìbànújẹ́ jù nínú ilé yẹn, torí èmi ni mò ń sọ ọ́. Mo wo ẹ̀yìn wọn lọ́jọ́ náà, gbogbo ìmọ̀ràn inú fóònù mi ò sì wúlò fún mi mọ́. Mo wọlé. Ebi ń pa mí, irú ebi tí óòtì ò lè bá wí. Mo ṣí ìkòkò Màmá, mo gé púpurú, mo kì í bọ inú ọbẹ̀ marúgbó dúdú yẹn, mo gbé e sẹ́nu.

Ọbẹ̀ náà dùn. Iyọ̀ rẹ̀ pé géérégé.

"Màmá! Ẹ fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ yìí!"

Wọn ò yí orí padà. "Iyọ̀ wo? Ṣebí inú àpótí rẹ ni iyọ̀ ń sùn."

"Iyọ̀ wà nínú rẹ̀!"

"Ẹ̀ẹ̀rùn nìyí," ni wọ́n sọ, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. "Ta ló ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn?"

Mo dúró pẹ̀lú òkèlè lọ́wọ́. Omi mímu nìkan la máa ń rà. Àgbá omi òjò wa ti gbẹ tipẹ́, abẹ́ ilé ni Màmá ti ń fa omi tí wọ́n fi ń sebẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá wọn ti ń ṣe. Bí òjò bá sì ti dáwọ́ dúró, òkun á wọlé tọ̀ wá wá, omi wa á di oníyọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀! Omi yẹn ni mò ń fi wẹ̀ láràárọ̀, tí ọṣẹ mi kì í hó, tí mò ń ráhùn sí ọṣẹ. Nọ́ọ̀sì ò mọ̀, torí ará orí ilẹ̀ ni. Èmi tí wọ́n bí sórí omi yìí, mo gbé iyọ̀ pamọ́ sínú àpótí, mo wá fi gbogbo òkun sílẹ̀ fún Màmá.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"O ní iyọ̀. O ò ní omi." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó yíjú sí mi. Wọn ò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. "Ṣé omi yẹn náà wà lára ohun tí nọ́ọ̀sì ní kí n dín kù? Omi wa?"

Mo ní mo rò bẹ́ẹ̀. Mo pe nọ́ọ̀sì, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ omi náà fún un, ó ní, "Háà! Ẹ má fi sebẹ̀ mọ́ o."

Màmá dìde. Wọ́n gbé ìkòkò, wọ́n da ọbẹ̀ marúgbó náà sómi láìbi mí. Mo gbọ́ bó ṣe dún. Omi inú kẹ́ẹ̀gì tí a rà láti Igbókọ̀dá ni wọ́n fi se òmíràn. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n di ojú, wọ́n sì gbé e mì. Mo ṣẹ́ ata sí i, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú wọn, torí mi ò tún fẹ́ jẹ́ ọ̀gá ìkòkò tí n ò tọ́ wò.

Dádì Àkúrẹ́ dé ní Sátidé pẹ̀lú báàgì òfìfo ńlá kan tó fẹ́ fi kó aṣọ Màmá.  Màmá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ó bu òkèlè kan, ó dúró.

"Màmá, ẹ gbàgbé iyọ̀."

"Mi ò gbàgbé."

"Kò sí nínú rẹ̀ rárá."

"Inú àpótí ọmọ àbúrò rẹ ló wà. Lọ bẹ̀ ẹ́ wò."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ omi. Màmá gbé ọwọ́ sókè láti dá mi dúró.

"Láti Tọ́sìdé ni mo ti ń jẹ ẹ́," wọ́n sọ fún un. "Láàárọ̀, àti nírọ̀lẹ́. Màá máa jẹ ẹ́ títí nọ́ọ̀sì á fi padà wá. Ṣé o rò pé ó dùn mọ́ mi ni?"

Dádì Àkúrẹ́ wo abọ́ náà pẹ́. Ọmọ orí omi lòun náà, ó mọ irú ọbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ máa ń sè. Ó bu òkèlè kejì, ó gbé e mì bí ẹni ń lo oògùn, ó sì jẹ ẹ́ tán.

"Oṣù kan sí i," ni ó sọ. "Omi ńkọ́? Ta ló ń gbé e fún yín?" Kó tó wọkọ̀ padà, ó ti bá awakọ̀ ojú omi kan sọ̀rọ̀ pé kó máa já kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin sọ́dọ̀ wa ní gbogbo ọjọ́ ọjà.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì tún dé, òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, gbogbo abọ́ tó wà nílé ló wà níta lábẹ́ etí òrùlé láti gba omi òjò. Aṣọ wú, ó sì tú èémí jáde. Mo di ọwọ́ mi pọ̀ débi pé èékánná mi wọ mí lára.

"Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Kò tíì dé ibi tí mo fẹ́, ṣùgbọ́n ó ti sọ̀ dáadáa. Oògùn yẹn àti ọbẹ̀ yẹn, ẹ má fi ọ̀kankan sílẹ̀."

Màmá mí kanlẹ̀. "Nígbà tó ti sọ̀, ṣé mo wá lè fi iyọ̀ díẹ̀, bíi ti orí èékánná báyìí..."

"Rárá!" Èmi àti nọ́ọ̀sì pa ẹnu pọ̀.

Màmá dìde, wọ́n mú àjẹ̀ wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tí a so mọ́ òpó. Wọ́n ní àwọn ń lọ sílé ọ̀rẹ́ àwọn, níbi tí kò ti sí dókítà. Mo tẹ̀ lé wọn dé etí pákó. Mo fẹ́ sọ fún wọn bí inú mi ṣe dùn tó, àti pé mo mọ̀ pé inú ń bí wọn, pé kò sóhun tó burú nínú kí inú bíni.

"Má sọ nǹkan kan!" ni wọ́n kígbe láti inú ọkọ̀. Wọn ò bojú wẹ̀yìn, wọ́n ti ń wà á lọ.