Ìka Ọ̀rẹ́ Mi

Kò sí ohun tí ọ̀rẹ́ mi ará Ìkòròdú kì í fi ìka kàn wò. Ìbáà ṣe àgbọn, ìbáà ṣe sílíńdà gáàsì, yóò kàn án kó, kó, kó, yóò tẹ́tí, á wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, òfìfo ò lè purọ́ fún ìka mi."

Òun ló máa ń bá wa kó ọjà wá láti Ṣáínà. Èmi tí kò sẹ́ni tó lè rẹ́ mi jẹ nídìí ẹja ní Ọjà Olúwo, mo ní kó bá mi ra bátìrì ńlá tí àwọn òyìnbó ń gbé lọ pàgọ́ nínú igbó, èyí tó lè gbé fìríìsà. Mo ti fọ́nnu fún gbogbo ìsọ̀ pé ẹja mi ò tún ní bàjẹ́ mọ́.

Fúnra rẹ̀ ló gbé e wá sí Ẹ̀pẹ́. Ó jẹun nílé mi. Ó kan sílíńdà ìyàwó mi, ó ní, "Aǹtí wa, gáàsì yín ti ń tán o." Ó sì lọ.

Nígbà tíná lọ, fìríìsà ò mí rárá. A tú àpótí bátìrì náà: bátìrì ọ̀kadà kan àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù la bá níbẹ̀. Ẹja mi rà. Àwọn obìnrin ọjà ń pè mí, "Bàbá Oníná, ẹ bá wa tan tiwa náà o!"

Ìyàwó mi ní bóyá Ṣáínà ni wọ́n ti lu ọ̀rẹ́ mi náà ní jìbìtì. Mo ní rárá o. Ó kan sílíńdà, ó kan tábìlì, ó kan abọ́ ọbẹ̀ pàápàá. Àpótí mi nìkan ni kò kàn.