Ẹyin Tí Ìyá Mi Fi Rán Mi sí Kétu

Aago márùn-ún ìdájí Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde ni mo kúrò nílé wa ní Abẹ́òkúta, tèmi ti agbọ̀n ẹyin kan lórí itan mi. Ọdún kẹta rèé tí àwa àti àwọn ará Dàhòmì ti gba òmìnira, mi ò sì tíì tẹ ilẹ̀ wọn rí. Ọgbọ̀n ẹyin ni ìyá mi kó sínú agbọ̀n náà, ó sì fi èèrí àgbàdo gbígbẹ há wọn láàárín kí wọ́n má baà gbá ara wọn. Ó tẹ̀lé mi dé gáréèjì, kò sì dẹ́kun ìkìlọ̀ títí dírẹ́bà fi ṣáná sí ọkọ̀.

Ẹyin nìkan kọ́ ló fi rán mi. Nígbà tí òun àti àbúrò rẹ̀, Àṣàkẹ́, wà lọ́mọdé ní Ìmẹ̀kọ, ẹyin kan sọnù lábẹ́ adìẹ ìyá wọn àgbà. Ẹ sáà mọ bí ọ̀rọ̀ ẹyin ṣe rí nílé wa: àwọn àgbà ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò jalè. Wọ́n tú gbogbo ilé, wọ́n rí èèpo ẹyin náà lábẹ́ ẹní Àṣàkẹ́. Wọ́n fi ata sí i lójú, wọ́n pè é ní olè, kí ọ̀sẹ̀ náà sì tó parí wọ́n ti mú un lọ bá àbúrò bàbá wọn obìnrin kan ní Kétu pé kó bá wọn fi ìyà kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ibẹ̀ ló gbé dàgbà, ibẹ̀ ló gbé wọ ìjọ Àgùdà, ibẹ̀ náà ló gbé lọ́kọ.

Bẹ́ẹ̀ ìyá mi ló jẹ ẹyin náà. Òun ló sì fi èèpo rẹ̀ sábẹ́ ẹní àbúrò rẹ̀.

Ó ti lé ní ogójì ọdún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pàdé látìgbà náà, níbi ìsìnkú bàbá wọn àti ti ìyá wọn, wọ́n sì kí ara wọn bí ẹni ń kí àna. Ìyá mi kò lè sọ ọ́. Lọ́dún yìí ó pè mí wọ yàrá, ó ní ara òun kò le mọ́, òun kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. "Sọ fún un pé èmi ni mo jẹ ẹ́," ó wí. "Kí o gbọ́ ohun tó bá fi dáhùn, kí o sì sọ ọ́ fún mi bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Má bù ú kù, má sì bù mọ́ ọn." Èmi tí mo lè bá alápatà fa ọ̀rọ̀ lórí egungun kan, iṣẹ́ yìí bà mí lẹ́rù.

Ṣílè márùn-ún ni owó ọkọ̀ títí dé Ìmẹ̀kọ. Dírẹ́bà fẹ́ gba sísì lé e nítorí agbọ̀n, mo ní ṣé ẹyin náà yóò jókòó ni, ló bá fi mí sílẹ̀. Ọ̀dà kò bá wa lọ jìnnà. Ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀, kòtò bẹ̀rẹ̀, nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá sì fò, èmi náà á gbé agbọ̀n sókè. Bàbá kan tó jókòó tì mí wò mí títí, ó ní bóyá kí n kúkú sàba lé wọn lórí. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, mo sì bá wọn rín in, nítorí òótọ́ ni mo jọ àgbébọ̀.

Ní Ìmẹ̀kọ mo jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tọ́rọ́, ó sì yó mi ju ti Abẹ́òkúta lọ. Ọkọ̀ kékeré kan ló gbé wa gba Ìlara lọ sí ibodè. Mo ti gbọ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn ará Dàhòmì ń gbà lójú títì, kì í ṣe ọwọ́ òsì bíi tiwa, mo sì bi dírẹ́bà, Sàlíù lorúkọ rẹ̀, pé níbo ló ti máa yí ọwọ́ padà. Ó ní, "Àǹtí, ọ̀nà yìí kò ní ọ̀tún, kò ní òsì. Ibi tí kòtò kò bá sí ni gbogbo wa ń gbà." Ọgọ́rùn-ún fàráǹkì ló gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, àwọn tí kò ní fàráǹkì sì fún un ní ṣílè.

Aṣọ́bodè wọn wọ aṣọ kakí tuntun tó ṣì ń dán. Ó ti ọwọ́ bọ inú èèrí, ó fa ẹyin kan yọ, ó ní "desẹ́", bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ẹyin lédè Faransé. Ó ní kí Sàlíù bi mí bóyá mo fi nǹkan mìíràn pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Mo ní rárá. Ẹrù tó wúwo jù lọ́wọ́ mi kò sí nínú agbọ̀n, mo sì dúpẹ́ pé wọn kì í gba owó ibodè lórí irú rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí aago méjì ọ̀sán lù nígbà tí a wọ Kétu. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni obìnrin àti omi: tọmọdé tàgbà ló ru ìkòkò àti agolo. Ilẹ̀ òkè ni ilẹ̀ wọn, kò sí odò nítòsí, kànga wọn sì jìn dé ibi tí èèyàn á fa okùn títí tí apá á fi kú. Mo kọjá lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, mo wo agogo ńlá tó so rọ̀ lókè, mo bèèrè ilé Àṣàkẹ́, àbúrò ìyá mi tí àwa ń pè ní Ìyá Kétu. Ọmọ èyíkéyìí ló lè mú mi débẹ̀.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, Anjẹ́lì, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ló kọ́kọ́ rí mi. Ó wo mí, ó wo agbọ̀n, ó ṣí i díẹ̀, ó sì sáré wọlé lọ kéde pé ẹni Róòmù ti dé. Mo rò pé oòrùn ti pa ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ ọ̀hún yé mi. Àwọn Àgùdà kì í lu agogo láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ mímọ́ títí di Àjíǹde. Àwọn sísítà tó ń kọ́ wọn níléèwé sì ti sọ fún wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn Faransé ṣe ń sọ fún ọmọ tiwọn, pé agogo náà ti fò lọ bá Póòpù ní Róòmù, yóò sì kó ẹyin bọ̀ fún àwọn ọmọdé. Nílé wa, adìẹ ló ń yé. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo la ẹnu mi gbàù, mo ní, "Agogo wo? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i báyìí ni, ó ṣì so rọ̀ níbẹ̀."

Ojú ọmọ náà rẹ̀ wẹ̀sì. Àsìkò yẹn gan-an ni Ìyá Kétu wọlé dé pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ fádà ló ti ń bọ̀, níbi tó ti lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ṣáájú ọdún. Ojú kan náà pẹ̀lú ìyá mi, àfi pé tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Kò tíì kí mi tó fi dá sí i. "Ara agogo lo rí, Bọ́sẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ti lọ sí Róòmù." Ìgbà náà ló tó gbá mi mọ́ra. Anjẹ́lì bi mí bóyá Póòpù kí wọn. Mo ní ó kí wọn gan-an ni. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa ní Dàhòmì nìyẹn.

A ka ẹyin. Mẹ́ta ti fọ́ sọ́nà, mẹ́rin ti sán, mẹ́tàlélógún sì pé pérépéré. Ìyá Kétu ní ta ló kó wọn ránṣẹ́. Mo ní ìyá mi ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ṣeun," ó sì yí ojú sí iná. Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà náà. Mo kàn ń gbọn èèrí kúrò nínú agbọ̀n.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹyin tó sán ni wọ́n fi ṣe gató, bí wọ́n ṣe ń pe kéèkì níbẹ̀. Ṣúgà wọn, oníhóró bíi bíríkì kékeré, a gún un nínú odó. Ìjábẹ̀ tí àwa fi ń ja ewédú ni wọ́n fi lu ẹyin títí ó fi hó funfun, wọ́n wá da ìyẹ̀fun àti òróró sí i. Iyanrìn gbígbóná ni wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀ ìkòkò irin, wọ́n gbé abọ́ gató lé e, wọ́n sì kó ẹ̀yinná lé ọmọrí rẹ̀ lórí. Nígbà tí òórùn rẹ̀ jáde, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí wa láìnídìí.

Ẹyin mìíràn, èèpo pòròpórò ọkà bàbà pupa tí àwọn Fúlàní fi ń pa wàrà láró ni a fi sè é, ó sì pọ́n dẹ̀dẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n mójú tó àwọn tí a sè láìpa láró fún ọ̀lẹ̀lẹ̀, ìyẹn mọ́ínmọ́ín. Nígbà tí wọ́n jinná, mo gbé ìkòkò, mo da omi rẹ̀ nù sẹ́yìnkùlé bí mo ṣe máa ń ṣe nílé. Ìyá Kétu wo ilẹ̀ tó ń mu omi náà bíi pé owó ló ṣubú sínú kànga. Ó ní, "Ẹ̀yin ní odò ní Abẹ́òkúta. Níbí, omi kan kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo." Ó yẹ kí omi ẹyin yẹn rẹ ẹ̀wà, kí ó sì tún fọ ewé eéran tí a ó fi pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ojú tì mí. Anjẹ́lì fà mí lọ́wọ́, ó fi ibi tí wọ́n ń da omi sí hàn mí, ó sì ṣàlàyé fún mi pé bóyá kò sí kànga ní Róòmù.

Ní òwúrọ̀ Àjíǹde, agogo dún. Ó dún bíi pé ó bínú pé wọ́n ti pa òun lẹ́nu mọ́. Anjẹ́lì di aṣọ mi mú, ó ń wo ojú ọ̀run títí a fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí a padà délé, mo rí àṣà kan tí mi ò rí rí. Nílé wa, bí ẹyin bá wà, bàbá ilé ló ni ín, ọmọ á fi imú jẹ tirẹ̀. Níbí, kí àgbà kankan tó fọwọ́ kan oúnjẹ, Ìyá Kétu to gbogbo ọmọ ilé láti orí èyí tó kéré jù, ó sì fi odindi ẹyin pupa kọ̀ọ̀kan lé wọn lọ́wọ́. Èyí tí kò tíì léyín pàápàá gba tirẹ̀. Mo bi í pé kò ha bẹ̀rù pé wọn yóò jalè. Ó ní, "Ọmọ tí a bá fún ní ẹyin, kí ni yóò tún jí i fún?" Kò sọ ọ́ bí ẹni tí inú ń bí. Omi lé ròrò sí mi lójú.

Mo mọ̀ pé bí mi ò bá sọ ọ́ nísinsìnyí, mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Àwa méjì jókòó sẹ́yìn ilé, à ń bó ẹyin tí a ó dín sínú ata. Mo wo ọwọ́ mi, mo ní, "Ìyá mi ní kí n sọ fún yín pé ẹyin ọjọ́ yẹn ní Ìmẹ̀kọ, òun lòun jẹ ẹ́. Òun ló fi èèpo rẹ̀ sábẹ́ ẹní yín."

Ó bó ẹyin ọwọ́ rẹ̀ tán. Ó mú òmíràn, kò bó o. Ó yíjú sí mi, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti gbàgbé," ó wí. "Àwa méjèèjì la jẹ ẹ́. Ó jẹ funfun, ó fún mi ní pupa inú rẹ̀. Sọ fún un pé pupa náà dùn mọ́ mi títí dòní, kó sì sùn dáadáa."

Bí a ṣe sọ ẹrù kalẹ̀ lórí mi nìyẹn. Ogójì ọdún, bẹ́ẹ̀ àjọjẹ ni! Mo jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ mẹ́rin, mo jẹ ẹyin díndín, mo jẹ gató títí Anjẹ́lì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí mi lẹ́nu.

Ní ọjọ́ Ajé, tí àwọn ará ilé ń lọ ṣe Gálílì wọn, ìyẹn ìgbafẹ́ ọjọ́ kejì Àjíǹde, mo gba ọ̀nà tí mo gbà wá padà. Gató wà nínú ewé, ẹyin pupa mẹ́wàá wà nínú agbọ̀n, orin sì wà lẹ́nu mi. Lójú ọ̀nà ni mo ti ń to ohun tí mo rí kọ́ jọ. Mo ní mo kọ́ pé kí èèyàn má máa da omi nù kó tó bi onílé. Mo tún ní mo kọ́ pé ọ̀pọ̀ ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn kò tó bí a ṣe rò ó. Ọgbọ́n yẹn tẹ́ mi lọ́rùn gan-an títí mo fi délé.

Ìyá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò wo gató, kò wo ẹyin. Ó ní, "Kí ló wí?"

Mo sọ bó ṣe ti ọ̀dọ̀ fádà bọ̀ wá bá mi, mo sì sọ èsì rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Mi ò bù ú kù, mi ò sì bù mọ́ ọn. Mo ń retí kó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ńṣe ló fi etí aṣọ rẹ̀ bojú.

"Irọ́ ni," ó wí. "Àṣàkẹ́ kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ó bá wọn lọ ṣẹ́gi lóko. Igi ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n mú un. Èmi nìkan ni mo jẹ ẹ́, àti funfun àti pupa."

Ó bi mí ọjọ́ wo ni mo ní Àṣàkẹ́ lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ fádà. Mo ní Sátidé ni.

"Kò tíì lò tó ọjọ́ kan nínú ìwẹ̀nùmọ́ rẹ̀ tó fi purọ́ nítorí tèmi," ni ìyá mi wí. Ó dìde, ó so ìró rẹ̀ le, ó sì bi mí aago mélòó ni ọkọ̀ Ìmẹ̀kọ máa ń gbéra. Mo ní kó rántí pé ara rẹ̀ kò le. Mo ní ọ̀nà náà kún fún kòtò, mo sì lè tún lọ bá a jíṣẹ́ náà.

"Rárá o, Bọ́sẹ̀," ó wí. "A kì í fi ẹ̀ṣẹ̀ rán ọmọ."