Ìlà Kẹta Lójú Ewé Kejì

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi bá Ìyá Fáìlì jókòó nídìí tábìlì kan náà ní yàrá àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn wa, n kò sì mọ̀ pé ó mọ dùùrù tẹ̀. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé káàdì aláìsàn kì í sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí dókítà bá ń pariwo pé fáìlì kan ti wọlẹ̀, Ìyá Fáìlì á rọra dìde, á fa àkàsọ̀ kékeré sídìí selífù, á nawọ́, ó parí. Ibẹ̀ la ti fún un lórúkọ yẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé àárín eruku bébà ni wọ́n bí i sí.

Nígbà tó ku ọdún mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì, wọ́n ń tún ilé àtijọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gbé kọ́, wọ́n sì bá dùùrù ńlá kan nínú yàrá ẹrù, aṣọ ìbùsùn tó ti gbó bò ó mọ́lẹ̀. Ẹnjiníà ní kí wọ́n fi àáké là á. Wọ́n gbé e kọjá lójú fèrèsé wa. Àfi bí Ìyá Fáìlì ṣe fò dìde, tó sáré jáde láìwọ bàtà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ má là á. Ẹ fún mi."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Màmá? Ṣé ẹ fẹ́ máa to fáìlì sínú ẹ̀ ni?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí a bá ń jẹun ọ̀sán. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni olùkọ́ dùùrù tó lókìkí jù ládùúgbò wọn nígbà náà. Àǹtí ni gbogbo ẹbí ń pè é. Àǹtí ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Arẹwà, oṣù mẹ́ta péré sì ni Ìyá Fáìlì fi jù ú lọ. Yàrá kan náà, orí dùùrù kan náà, ni àwọn méjèèjì ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí láti ọmọ ọdún méje. Nígbà tí wọ́n di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ilé ẹ̀kọ́ orin kan ní òun máa gba akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo lágbègbè wọn. Orin olójú-ewé mẹ́fà kan, tó le bí ekùrọ́, ni gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ tẹ̀. Àǹtí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìwé orin náà, ó sì fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà ìka sórí àwọn ìlà tó le: àtàǹpàkò ni ení, ìka ìlábẹ̀ ni èjì, títí dé ọmọńdinrín tó jẹ́ àrún, kí ó lè mọ ìka tó máa tẹ ohùn wo. Ó ní kó máa rọra tẹ̀ ẹ́ nílé, pé eré á wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ojú ewé kìíní lọ bí omi. Nígbà tó dé ìlà kẹta lójú ewé kejì, níbi tí orin ti ń sáré gun òkè, àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn. Ó padà sẹ́yìn, ó tún un bẹ̀rẹ̀, ibì kan náà ló tún ṣubú sí. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀kan nínú àwọn olùdánwò gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Ó ti tó, ọmọ mi."

Arẹwà ló wọlé. Àǹtí gbá Ìyá Fáìlì mọ́ra lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Má sunkún mọ́. Ọlọ́run ò fún gbogbo wa ní irú ọwọ́ kan náà."

Ó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé, ó lọ́kọ, ó bímọ méjì, kò sì fọwọ́ kan dùùrù fún ọdún mẹ́tàdínlógójì. Arẹwà ní tirẹ̀ lo ọdún méjì péré nílé ẹ̀kọ́ orin, ó ní ó sú òun, ó sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ́tìnnì. Kọ́tìnnì náà ló ń tà títí di òní.

Ìyá Fáìlì gbé dùùrù ilé ìwòsàn lọ sílé. Ó pe ẹni tó máa ń tún dùùrù ṣe, ìyẹn fún okùn inú rẹ̀ le fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ aláago, bá a wá agogo kékeré kan tó ń ka ìlù, kọ́, kọ́, kọ́. Nọ́ńbà tí o bá yí i sí ni iye ìgbà tó máa dún ní ìṣẹ́jú kan. Ìyá Fáìlì tú àpótí, ó yọ ìwé orin àtijọ́ náà, ó sì ra jọ́tà kan. Ó fi rúlà fa ìlà sí i bí a ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́: ọjọ́, ojú ewé, ìlà, ìwọ̀n eré, iye àṣìṣe. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń kọ ìgbóná ara aláìsàn sílẹ̀ lòun ṣe ń kọ orin sílẹ̀. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, tó bá ti délé, ó di orí dùùrù, ó di aago mẹ́fà.

Ó máa ń mú jọ́tà náà wá sí ibi iṣẹ́ kí n lè wò ó. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ogójì. Orin ń fà bí ìgbín, àṣìṣe pọ̀ bí iyanrìn. Oṣù kejì, àádọ́ta. Oṣù kẹrin, ọgọ́ta. Ó ń yọ̀ bí ọmọdé. "Wò ó," á ní, "ojú ewé kẹrin, àṣìṣe méjì péré lánàá!" Ọgọ́fà ni orin náà ń fẹ́. Ó ní bí òun bá ń lọ báyìí, òun á débẹ̀ kí òun tó fẹ̀yìn tì.

Nígbà tó dé mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ó dúró. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ méje. Ọkọ rẹ̀ yọjú láti ìdí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, láti oṣù tó kọjá ni orin yìí ti ń kọsẹ̀ níbì kan náà. Kí n bá a gbé òkúta yẹn kúrò lọ́nà ni?" Ìyá Fáìlì ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ ju agogo náà lù ú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó tẹ́ jọ́tà síwájú mi, ó fi ìka tọ́ ọ láti òkè délẹ̀. Àwọn ìlà yòókù ń sàn. Ìlà kẹta lójú ewé kejì nìkan ni kò sàn.

"Tí wọ́n bá gbé fáìlì báyìí wá fún ẹ," ó ní, "tí egbò ń padà síbì kan náà fún ọ̀sẹ̀ méje, kí lo máa sọ?"

Mo ní, "Màá ní kí wọ́n yẹ oògùn tí wọ́n ń fún un wò."

Ó pa jọ́tà náà dé. Kò parí oúnjẹ rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó gbé ìwé orin náà sójú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè là á já. Lábẹ́ nọ́ńbà tí Àǹtí fi pẹ́ńsù kọ, bébà fẹ́lẹ́ ju ibòmíràn lọ. Wọ́n ti tẹ nọ́ńbà ìka sí i láti ilé ìtẹ̀wé, ẹnì kan sì ti fi abẹ ha á kúrò. Òjìji rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Níbi tí ìwé ní kí àtàǹpàkò gba abẹ́ ọwọ́ kọjá, Àǹtí kọ àrún sí i, tó fi di pé ìka kẹrin gbọ́dọ̀ gun orí ọmọńdinrín. Bí o bá rọra tẹ̀ ẹ́, ó ń lọ. Bí o bá sáré, ìka á kọ́ ìka lẹ́sẹ̀ ni. Kò sí ọwọ́ tó lè bọ́ nínú rẹ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́ bí ilé ìtẹ̀wé ṣe fẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó kọ méjìléláàádọ́rùn-ún sínú jọ́tà, àṣìṣe: kò sí.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó mú ìwé náà lọ bá Àǹtí. Àǹtí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó wà lórí àga nínú pálọ̀, ó ń to bọ́tìnnì aṣọ sínú agolo. Ìyá Fáìlì kúnlẹ̀ kí i, ó sì ṣí ojú ewé kejì lé e lẹ́sẹ̀. Àǹtí wọ awò, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"O ti rí i," ni Àǹtí wí.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fi abẹ ha á?"

"Èmi ni."

"Àǹtí, kí ni mo ṣe yín?"

"O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọwọ́ ẹ ló dáa ju tọmọ mi lọ. Àyè kan ṣoṣo ló wà. Ṣé kí n fi ọmọ tí mo bí sílẹ̀, kí n gbé tẹ̀gbọ́n mi ni?"

"Ẹ ní Ọlọ́run ò fún mi lọ́wọ́."

"Kí lo fẹ́ kí n sọ? Tí mo bá ní kó o tún un dán wò lọ́dún kejì, o máa tún un dán wò, o sì máa rídìí ẹ̀."

"Ṣé màámi mọ̀?"

Àǹtí rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyá ẹ? Ìyá ẹ ò mọ dò yàtọ̀ sí mí nínú ohùn orin." Ó dé agolo bọ́tìnnì. "Wò ó, o lọ́kọ, o bímọ, o níṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Kí lo pàdánù gan-an?"

Àǹtí bá na ìka sí dùùrù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ó dáa, lọ tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́." Ìyá Fáìlì sọ fún mi pé kí òun tó mọ̀, òun ti dìde, ọwọ́ òun ti wà lórí ìdérí dùùrù, ìgbọràn ọmọdé ṣì wà lára òun. Ó yọwọ́ níbẹ̀, ó mú ìwé rẹ̀, ó jáde.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni jọ́tà fi ṣófo. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ayọ̀ ló fi ń ṣe é mọ́. Wákàtí méjì, wákàtí mẹ́ta lójúmọ́. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́rin. Ibẹ̀ ni oríkèé ìka rẹ̀ ti wú, tí kò lè di bírò mú dáadáa. Dókítà eegun tiwa níbí yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Màmá, oògùn tí mo ní, ìrora ló ń dín kù. Kò lè sọ eegun di ọ̀dọ́."

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Arẹwà pè é lórí fóònù. A ń jẹun lọ́wọ́, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete.

"Màmá fẹ́ pé ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún o! Wọ́n ní ìwọ làwọn fẹ́ kó wá tẹ orin ìdánwò wa ìjelòó yẹn fáwọn. Èmi ti gbàgbé ẹ̀ pátápátá, ìka mi ò mọ̀ ju kọ́tìnnì lọ mọ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rántí bó o ṣe dúró lójijì lọ́jọ́ yẹn? Àánú ẹ ṣe mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè tẹ tèmi."

"Mo rántí," ni Ìyá Fáìlì wí. "Ọwọ́ ń dùn mí. Mi ò ní lè wá."

Nígbà tó gbé fóònù kalẹ̀, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún un.

"Kí n sọ ọ́ di aláìníìyá lọ́jọ́ orí yìí? Kò mọwọ́ mẹsẹ̀."

"Ṣé ẹ ti wá dárí ji Àǹtí ni?"

"Ta ló bẹ̀ mí?" Ó padà sídìí káàdì rẹ̀.

Ó fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá. Àǹtí ṣì wà láyé, ara rẹ̀ le koko, wọ́n ní ó ṣì ń gun àtẹ̀gùn láìdi nǹkan kan mú. Nígbà tí mo lọ kí Ìyá Fáìlì, mo bẹ̀ ẹ́ kó tẹ orin náà fún mi, torí n kò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ yìí, nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ni mo ń kà. Ó yí agogo sí ọgọ́ta. Ó tẹ ojú ewé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń rìn nínú ilé tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ lọ. Kò ṣì í níbì kankan.

Mo ní, "Ó mà dáa o, Màmá."

"Ó ti pẹ́ jù," ó ní. Ó dìde lọ ti fèrèsé, torí eruku ti ń wọlé láti títì.