Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Tí Ìlú Wa Fowó Rà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìlú wa burú débi pé bí ẹ bá ní kí ewúrẹ́ ṣọ́ ilé, á mú bọ́ọ̀lù ju gólì kípà wa lọ. Ọdọọdún ni ìlú tó wà lódìkejì odò ń nà wá, tí wọ́n á sì tún wá fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jà.

Họ́kì, eré tí wọ́n ń fi igi gbá lórí yìnyín, ló rán mi létí. Ní Malton níbí, ní Kánádà, èmi àti ọmọ ọmọ mi la jọ ń wò ó. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú òtútù yìí ni mo ti ń retí kí ẹgbẹ́ họ́kì wa níbí gba ife ẹ̀yẹ, mo sì fẹ́ rí i kí n tó pajú dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá wọn ní ká ṣe sùúrù, àwọn ọmọdé làwọn fẹ́ tọ́ dàgbà. Inú bí ọmọ náà.

"Grandpa, ṣé wọn ò lówó ni? Kí wọ́n ra àwọn tó ti mọ̀ ọ́n gbá!"

Èèbó ló fi sọ ọ́ o, èmi ni mo tún un sọ fún yín. Mo ní kó jókòó, mo sọ fún un bí mo ṣe ń sọ yìí.

Àwa náà rà á rí. Ìlú dáwó jọ, wọ́n kó agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta wá láti Ìbàdàn. Ọ̀kan nínú wọn gbá bọ́ọ̀lù sókè lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ Mọ́ńdè ló tó balẹ̀. Ìṣojú mi ló ṣe. Ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n, gbogbo ẹni tó dáwó ló sì fẹ́ kí wọ́n jẹun nílé òun. Láàárọ̀ ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, iyán ni wọ́n ń jẹ láti ilé dé ilé. Ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ilé tèmi lẹ fẹ́ fò ni?" Wọ́n wọlé, wọ́n jẹun.

Nígbà tí fèrè dún, ọ̀kan sáré díẹ̀, ó jókòó sílẹ̀. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sójú ọ̀run sùn sídìí òpó. Bọ́ọ̀lù bà á lórí, kò jí. Àwọn ará òdìkejì odò nà wá títí rẹfirí fi ń bá wa bẹ̀ wọ́n.

Owó tán. Bàbá kan, agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ tí orúnkún rẹ̀ ti yẹ̀, wá ń kó àwa ọmọ tó ń fi ọsàn tí kò tíì pọ́n gbá bọ́ọ̀lù lọ sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, ní ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́. Ará ìlú ń fi í rẹ́rìn-ín: "Bàbá, ìgbà wo làwọn wọ̀nyí fẹ́ dàgbà?"

Á ní, "Ṣé ẹ ń kánjú lọ síbì kan ni?"

A dàgbà o. A na àwọn ará òdìkejì odò, a gba ife. Ṣùgbọ́n bàbá ti kú kó tó dọjọ́ náà. A gbé ife náà lọ sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, a gbé e ka orí lẹ́búlẹ́bú pákó. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ilé ni ọkàn mi ń fà sí.

Ayé ti yí. Ta ló mọ ilé agbábọ́ọ̀lù lónìí, ká má tíì sọ pé a fẹ́ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà kó wá jẹ iyán? Ẹni tó ń gbé lókè orí wa níbí gan-an, mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo sọ fún ọmọ náà pé sùúrù ni tèmi. "Ọjọ́ tí wọ́n bá gba ife yẹn, bí mi ò bá sí mọ́, wá sọ fún mi níbi tí wọ́n bá sin mí sí. Kó o pariwo, torí etí mi. Kó o sì fi Yorùbá sọ ọ́."

Ó sún mọ́ mi. Ahọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ lọ́, kó tó wá fi Yorùbá dá mi lóhùn:

"Grandpa, ṣé ẹ ń kánjú lọ síbì kan ni?"