Ẹni Tó Pè Mí Lọ́sàn-án Gangan

Òórùn bísíkíìtì gbígbóná pàdé mi lójú ọ̀nà Ìlúpéjú lánàá, ọrùn mi sì gan.

Nígbà èwe mi ní Ọgbà, iléeṣẹ́ bísíkíìtì wà lẹ́yìn ògiri wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mọ́mì ń dirun fún mi lẹ́yìnkùlé, wọ́n fi orúnkún há mi lórí. Bí wọ́n ṣe ń fa irun mi ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ayé.

"Àwọn obìnrin ìgbà ọ̀wọ́n Sáàpù tí ìjọba gbé dé yìí! Iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ ọkọ, wọ́n á palẹ̀ ẹrù mọ́. Èyí tó bá fi ọmọ sílẹ̀ lọ, òkú ni lójú tèmi."

Ni ohùn obìnrin kan bá pè látẹ̀yìn ògiri: "Àjíkẹ́!"

Oríkì mi ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi pè mí nílé wa. Bí mo ṣe lanu, orúnkún Mọ́mì fún etí mi pinpin.

"Má dáhùn! Ẹni tó bá dá ẹni tí kò rí lóhùn lọ́sàn-án gangan, á bá a lọ ni."

Ohùn náà tún pè lẹ́ẹ̀mejì. Mọ́mì fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ọ̀rá kan já wọlé látorí ògiri, bísíkíìtì fífọ́ ló kún inú rẹ̀, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mọ́mì gbẹ́ ilẹ̀ sídìí ìbẹ́pẹ, wọ́n sin ín. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń gbóòórùn rẹ̀ látinú ilẹ̀.

Lẹ́yìn ikú bàbá mi ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe Mọ́mì ló bí mi.

Lánàá, létí títì, mo dáhùn sókè: "Mà!"

Kò sẹ́ni tó pè mí.