Èrìgì Tó Bo Eyín Mi

Orí àga dókítà eyín ní Flatbush, ní Amẹ́ríkà níbí, ni mo wà nígbà tó bi mí pé oògùn wo ni mò ń lò. Kí n tó la ẹnu, àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tó mú mi wá, ti dá a lóhùn: "Kò lo nǹkan kan o. Ara ẹ̀ le koko."

Irọ́ gbuu! Oògùn wárápá ni mò ń lò láàárọ̀, lálẹ́. Wárápá ò gbé mi ṣubú mọ́ lóòótọ́, àmọ́ èrìgì mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń bo eyín, títí eyín iwájú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́. Mo fọ ẹnu, ẹ̀jẹ̀. Mo jẹ búrẹ́dì, ẹ̀jẹ̀. Mo wá di ẹni tó ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Dókítà tó ń fún mi lóògùn ò wo ẹnu mi rí; orí ló ń tọ́jú.

Ilé àǹtí ni mò ń gbé. Aláàánú ni wọ́n, àwọn ló ra tíkẹ́ẹ̀tì tó gbé mi wá sí Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé itọ́ ni wárápá fi ń ràn, nítorí náà ife búlúù kan wà lójú fèrèsé, tèmi nìkan. Ará ṣọ́ọ̀ṣì kankan ò sì gbọdọ̀ gbọ́, kí n lè rọ́kọ fẹ́. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn ní gbogbo ìgbà.

Dókítà eyín ti Flatbush yẹn ní ìdọ̀tí ló fà á. Èmi tí mò ń fọ ẹnu bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò! Ó gé èrìgì náà, ó tún hù. Nígbà tó yá, eyín iwájú méjì ń mì, ó sì yọ wọ́n. Àǹtí sọ fáwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé orí àtẹ̀gùn subway, ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ni mo ti ṣubú.

Lọ́dún tó kọjá, a lọ bá dókítà eyín mìíràn, obìnrin. Ó wo ẹnu mi, ó ní ṣé mi ò lo oògùn wárápá ṣá? Àǹtí ti ń mirí. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Wárápá ni mo ní." Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní oògùn náà ló ń mú èrìgì wú. Ká ní a ti sọ ọ́ ni, wọn ì bá ti bá mi pààrọ̀ ẹ̀, eyín mi ì bá sì wà lẹ́nu mi.

Inú bí mi débi pé ẹkún ò jáde. Mo rò pé àǹtí á bẹ̀ mí. A délé, wọ́n ní, "Ṣé ó yẹ kó o pariwo ẹ̀ báyẹn?" Wọ́n wá bu omi tútù fún mi, nínú ife búlúù.