Ilé Àmúdàtù Tí Kò Lẹ́nu Ọ̀nà

Wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n Tìrìmísíyù, kí Ọlọ́run forí jì í, gbàgbé ilẹ̀kùn nígbà tó ń ya àwòrán ilé Àmúdàtù. Irọ́ ni. Kò gbàgbé nǹkan kan. Ilẹ̀kùn mẹ́jọ ló yà. Orí kunkun ló fi dí èyí tó ṣe pàtàkì jù pa.

Bíríkìlà ni Ẹ̀gbọ́n fún ọgbọ̀n ọdún, kí orúnkún tó ní òun ò gun àkàbà mọ́. Ni Aneesah ọmọ ẹ̀ bá ra kọ̀ǹpútà fún un, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ya ilé. Ẹ wá wo ohun tí ẹni tó ti ń to búlọ́ọ̀kù látilẹ̀ ń ṣe: á kọ́kọ́ ya ilé bí odidi búrẹ́dì, láìní ihò kankan. Á ya òmíràn tó rí bí ilẹ̀kùn, á tì í wọnú ti àkọ́kọ́, á wá ní kí kọ̀ǹpútà yọ ọ́ dànù. Ihò á kù síbẹ̀. Bó ṣe ń gbẹ́ yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti fèrèsé nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò kàn lè ya ògiri ni?"

"Nígbà tí Ọlọ́run ń mọ imú ẹ, Àmúdàtù, ṣé ihò ẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ?"

Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n jọ ń lò ní Yaba; fọ́tókọ́pì ni Àmúdàtù ń ṣe. Ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ rárá. Lańlọ́ọ̀dù ti ta ilé mọ́ ọn lórí, oṣù mẹ́fà péré ló fún un. Ilẹ̀ tí ìyá ẹ̀ fi sílẹ̀ ní Mushin nìkan ló kù tó gbójú lé. Sylvester, bíríkìlà tó fẹ́ bá a kọ́lé síbẹ̀, sì ti là á mọ́lẹ̀: "Màdáàmù, Mọ́ńdè ni o. Tí àwòrán ò bá ṣetán, Badagry ni mò ń lọ, ó di ẹ̀yìn òjò."

Aneesah ti sọ ọ́ fún bàbá ẹ̀ pé kó so gbogbo ohun tó fẹ́ yọ pọ̀, kó di ẹyọ kan, kó wá fi gbẹ́ ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdajì ni Ẹ̀gbọ́n gbọ́. Dípò kó so ilẹ̀kùn iwájú mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yọ ilẹ̀kùn kúrò lára ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tó kù ló wá fi gbẹ́ ilé, ni ògiri bá dí ẹnu ọ̀nà iwájú.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo ni mo máa gbà wọlé?"

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńkọ́?"

"Mo rí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa dénú ẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n yí àwòrán náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ilé tí olè ò lè wọ̀ nìyí."

"Èmi tí mo ni ín gan-an ò lè wọ̀ ọ́!"

Ó di ọjọ́ Sọ́ńdè, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó so àwọn ilẹ̀kùn pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kàkà kó yọ ilẹ̀kùn kúrò lára ilé, ilé ló yọ kúrò lára ilẹ̀kùn. Ilé pòórá. Ó ku pátákó mẹ́jọ tó dúró lófuurufú bí aṣọ tí wọ́n sá.

"Ṣé ilẹ̀kùn lo ní o ò rí? Kà wọ́n."

Nígbà tí ilẹ̀ Mọ́ńdè mọ́, Sylvester ti wà lórí ilẹ̀ Mushin pẹ̀lú ṣọ́bìrì, ó ń pe Àmúdàtù lórí fóònù. Àmúdàtù fárígá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pe Aneesah."

"Ọmọ tí mo fi búlọ́ọ̀kù tọ́ dàgbà?"

"Ẹ pè é, àbí inú ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ni kí n máa sùn?"

Ó pè é. Ó wú ikọ́. "Aneesah, mo fẹ́ wò ó bóyá o ṣì rántí ohun tí mo kọ́ ẹ."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń sọ ọ́ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. So pọ̀. Mú ilé. Yọ. Lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ilẹ̀kùn ṣí, ìmọ́lẹ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ Àmúdàtù. Ó wá nawọ́ sí àwòrán náà. "Ó yá, wọlé." Àmúdàtù tó ti fẹ́ bú u tẹ́lẹ̀, omi ló bọ́ lójú ẹ̀.

Ògiri ti ga dé èjìká nígbà tí àìsàn dá Ẹ̀gbọ́n dùbúlẹ̀. Ẹni tó ń ṣàìsàn, ṣé kì í sinmi ni? Nígbà tí Àmúdàtù lọ wò ó nílé ìwòsàn, ṣe ló ń fi ìka wọn fèrèsé láti orí ibùsùn.

"Ẹ fi fèrèsé sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹun."

"Ó ga jù," ó ní. "Ojú ọ̀run nìkan ni mò ń rí. Sọ fún Sylvester kó mú tìẹ wálẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ kan á wà tó máa rẹ̀ ẹ́, tó o máa dùbúlẹ̀ nínú ilé yẹn. Kó o kàn yíjú, kó o rí àwọn èèyàn tó ń kọjá."